Kí Ràshídátù Tó Pé Ọgbọ̀n Ọdún

Àtìní, 16 Júnì

Ó tún ti kú mọ́ mi lọ́wọ́.

Mo ti tẹ orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ aránṣọ Ẹ̀jìgbò tán, ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìdínlógún, látinú ìwé ńlá tí Bàbá mi, akọ̀wé ẹgbẹ́, máa ń tọ́jú bí ẹni pé góòlù ló wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ àṣekágbá mi níléèwé nìyẹn: kí ètò tí mo kọ máa to orúkọ sórí igi lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá ṣáájú nínú ábídí lọ sápá òsì, èyí tó bá tẹ̀lé e lọ sápá ọ̀tún, kí ẹni tó bá ń wá ẹnì kan lè rí i kíá. Ó tò dé orúkọ kọkànlélọ́gọ́ta, ó ní mo ti fẹsẹ̀ kan ibi tí kì í ṣe tèmi nínú mẹ́mórì, ó sì kú. Mo tún un gbé, ó dé ogóje. Mo gbé e lẹ́ẹ̀kẹta láìyí ohunkóhun padà, ó kú ní mẹ́tàlélógún. Bó bá jẹ́ pé ojú kan náà ló ti ń kú, ǹ bá mọ ibi tí mo máa wò. Bí mo bá sì fi orúkọ àwa ará ilé wa nìkan dán an wò, á ṣiṣẹ́ bí ọmọ gidi.

Ọ̀gbẹ́ni Joseph, olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ mi, gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù tó ń bọ̀. Bí orúkọ mi kò bá bá àwọn tó ń gboyè ní Júláì lọ, ó di Sẹ̀tẹ́ńbà. Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n Júláì ni Ràshídátù sì máa pé ọgbọ̀n ọdún. Ẹni tó bá ti pé ọgbọ̀n kó tó gboyè kì í lọ sìnrú ìlú. Lẹ́tà ìyọ̀ǹda ni wọ́n máa ń fún un. Mo ti rí àwọn tó ń mú lẹ́tà yẹn káàkiri, mi ò rí ẹni tó fi wọ ibi iṣẹ́.

Àlàmísì, 19 Júnì

Mo kọ ọ̀rọ̀ kún fọ́ọ̀mù níléèwé. Orúkọ: Ràshídátù Sùlàímọ́nù. Ọjọ́ ìbí: 29 Júláì, 1995. Ó ti mọ́ mi lọ́wọ́ débi pé ọwọ́ mi kì í dúró mọ́ bí mo bá ń kọ ọ́.

Kàdíjà ni àfáà pè mí lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ ní Àbíjàn, òun náà ni wọ́n ṣì ń pè mí nílé. Ṣùgbọ́n Kàdíjà kò ní ìwé kankan. Ẹ̀gbọ́n mi tó kú kí wọ́n tó bí mi ló ní ìwé ìbí tí ìjọba fi òǹtẹ̀ lù, èyí tí àwa ará Àbíjàn ń pè ní èsítirè. Ìwé yẹn ni wọ́n fi mú mi wọ iléèwé nígbà tí ogun ń jà níbẹ̀, kí a tó padà wá sí Ẹ̀jìgbò. Ọdún mẹ́ta ló fi jù mí lọ. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo máa ń yangàn pé mo dàgbà ju gbogbo kíláàsì lọ. Àgọ̀ ló ń yangàn.

Wọ́n ti lẹ ìwé ìkéde mọ́ ara ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ẹ̀ka wa. Ọjọ́ kejìdínlógún ni lóòótọ́.

Àtàláátà, 24 Júnì

Òjò ọjọ́ mẹ́rin. Iná kò sí. Bátìrì láptọ́ọ̀pù mi kì í pé ogún ìṣẹ́jú, nítorí náà ìsọ̀ Bàbá ni mo jókòó sí, mo so ó mọ́ jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n fi ń lo ẹ̀rọ aránṣọ. Bẹntiróòlù tún ti gbówó lórí. Wọ́n ń wo jẹnẹrétọ̀, wọ́n ń wo èmi.

Ṣùgbọ́n mo rí nǹkan! Mo ń wọn gígùn orúkọ kọ̀ọ̀kan, mo sì ń tọrọ àyè tó bá a mu gẹ́lẹ́. Mo gbàgbé pé àmì òpin kan máa ń tẹ̀lé orúkọ nínú mẹ́mórì, òun náà sì ń fẹ́ àyè tiẹ̀. Orúkọ kọ̀ọ̀kan ti wá ń fi ìgbẹ̀yìn tẹ ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Bàbá, ẹ wò ó," ni mo wí. "Mo gé aṣọ láìfi àyè ìrán sílẹ̀."

Wọ́n yọ awò ojú wọn. "Ìwọ? Ọmọ aránṣọ?"

Ó dùn wọ́n ju bí ó ṣe dùn mí lọ. Mo fi oókan kún ìwọ̀n gbogbo. Mo rẹ́rìn-ín délé.

Àlàrùbá, 25 Júnì

Ó dé igba. Ó kú.

Àtìní, 30 Júnì

Mo rí òmíràn. Orúkọ tuntun tí mo bá gbé wá, mi ò sọ fún un pé apá òsì àti apá ọ̀tún rẹ̀ ṣófo. Mo rò pé àyè tuntun máa ń mọ́ ni. Kò mọ́. Ìdọ̀tí ẹni tó lò ó ṣáájú wà níbẹ̀, ètò mi sì ń gba ibẹ̀ lọ bí ẹni pé ọ̀nà gidi ni, títí á fi já sí kòtò. Mo nu gbogbo rẹ̀ mọ́.

Ó dé igba ó lé mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Mo dìde, mo ṣe alihamudulilahi. Mo jókòó padà, ó ti kú.

Mo sunkún díẹ̀. Mi ò fẹ́ sunkún nítorí ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n mo sun ún.

Jímọ̀, 4 Júláì

Ìyá ra àgbàdo tútù bọ̀ láti ìlú Ará, mẹ́ta ní igba náírà, wọ́n ní olè ni ẹni tó tà á. Wọ́n béèrè bí wọ́n ṣe ń béèrè lójoojúmọ́: "Ṣé ó ti ṣiṣẹ́?"

"Kò tíì ṣiṣẹ́, Ìyá."

"Kí ló ń ṣe é gan-an?"

Mo ní ó ń ṣàìsàn tí kò dúró lójú kan: bí a bá di ìhín, á yọ lọ́hùn-ún. Wọ́n ní kí n ka Yásìn sí i. Mo ka Yásìn. Èmi tí mo ń fi àwọn tó ń fọ́n omi àdúrà sórí okadà ṣe yẹ̀yẹ́, mo jókòó níwájú láptọ́ọ̀pù, mo ka Yásìn délẹ̀.

Àlàmísì, 10 Júláì

Ọjọ́ tí a gbé iṣẹ́ wa wá síwájú àwọn olùkọ́. Mo wọ aṣọ funfun tí Bàbá rán.

Mo mọ̀ pé kò lè gba ọ̀ọ́dúnrún, nítorí náà ogún orúkọ àkọ́kọ́ ni mo gbé lọ, torí kò tíì kú lórí àwọn yẹn rí. Ó ṣiṣẹ́. Mo ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mọ ohun tó ń sọ. Ọ̀gbẹ́ni Joseph ń fi bírò gbá àgbọ̀n rẹ̀.

"Ràshídátù, àwọn ogún yìí nìkan ló ń ránṣọ ní Ẹ̀jìgbò?"

"Rárá, sà."

"Bàbá rẹ ń kọ́? Ṣé aránṣọ kọ́ ni? Fi orúkọ wọn sí i ká rí i."

Mo tẹ Sùlàímọ́nù. Igi náà wó lójú gbogbo wọn. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn.

Ó pè mí síta lẹ́yìn náà, kò pariwo. Ó ní, "Èyí tó ń ṣiṣẹ́ nígbà kan tí kì í ṣiṣẹ́ nígbà mìíràn burú ju èyí tí kò ṣiṣẹ́ rárá. Gbogbo orúkọ ni mo fẹ́ rí lórí rẹ̀, kí n wá ẹnikẹ́ni, kí n rí i. Kí o sì fi Valgrind yẹ̀ ẹ́ wò kí o tó padà wá. Bí àṣìṣe mẹ́mórì kan ṣoṣo bá wà níbẹ̀, mi ò ní fọwọ́ sí i. Má bínú."

Mi ò bínú sí i. Ara mi ni mo bínú sí. Mo rìn délé láti iléèwé nínú oòrùn, n kò fẹ́ kí ọlọ́kadà kankan bá mi sọ̀rọ̀.

Sọ́ńdè, 13 Júláì

N kò fọwọ́ kàn án.

Àtàláátà, 15 Júláì

Mo wà ní Ìsúndúnrin lọ́dọ̀ Sàídátù, ọmọ kíláàsì mi. Tirẹ̀ ti kọjá. Láptọ́ọ̀pù rẹ̀ ní bátìrì tó ń ṣe bí bátìrì, ó sì ní sùúrù tí èmi kò ní. A fi dátà fóònù rẹ̀ gbé Valgrind wọlé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa ṣọ́ ètò rẹ lẹ́sẹ̀ lẹ́sẹ̀, kí ó sì fẹjọ́ sùn nígbàkigbà tí ó bá fọwọ́ kan àyè tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó fẹjọ́ mi sùn ní ojú ewé mẹ́fà.

Sàídátù ní ká má ka gbogbo rẹ̀, ká ka àkọ́kọ́. Ohun tó ń wí ni pé mo ń ka àyè tí mo ti dá padà.

"Ibo lo ti ń dá àyè padà?"

Ibì kan ṣoṣo ni. Èmi ni mo kọ ọ́ ní Máàṣì, ó sì dùn mọ́ mi nígbà náà: bí orúkọ tuntun bá dé, tí irú rẹ̀ bá ti wà lórí igi, kí a dá àyè rẹ̀ padà, nítorí pé ẹni kan náà ni wọ́n kọ lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n mo ti kọ àdírẹ́sì àyè náà sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà tí ẹni náà ní nínú ẹgbẹ́ kí n tó dá a padà. Bí ètò bá wá fi nọ́ńbà yẹn lọ kí i nílé, á bá ilé ẹlòmíràn, tàbí kó má bá ilé kankan. Ìdí nìyẹn tí kì í fi kú lójú kan.

"Òkú lo ti ń kí láti ọjọ́ yìí," ni Sàídátù wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

N kò rẹ́rìn-ín. Kò mọ̀ nípa ìwé ìbí mi, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí níléèwé. Àdírẹ́sì ẹni tó ti lọ ni èmi náà ń gbé láti ọmọ ọdún mẹ́fà.

Àlàrùbá, 16 Júláì

Mo yọ ìlà yẹn kúrò, mo ní kí ẹni tó bá jẹ́ orúkọ kan náà gba apá ọ̀tún lọ. Igi náà gba gbogbo ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìdínlógún. Kò kú! Mo sáré yí ìsọ̀ Bàbá po lẹ́ẹ̀mejì.

Lẹ́yìn náà ni mo wá ẹni tí à ń pè ní Ràfíátù. Ẹyọ kan ló gbé wá. Mo ka ìwé ńlá. Ràfíátù márùn-ún ló wà níbẹ̀.

"Bàbá, Sùlàímọ́nù mélòó ló wà nínú ẹgbẹ́ yín?"

"Mẹ́sàn-án, pẹ̀lú èmi."

"Ẹ sì kọ Sùlàímọ́nù, Sùlàímọ́nù, Sùlàímọ́nù? Láìkọ orúkọ bàbá?"

"Ta ni kò mọ̀ wọ́n?"

"Èmi! Kọ̀ǹpútà!"

Wọ́n wò mí tàánútàánú. "Aránṣọ kì í jẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀ níbi iṣẹ́, Kàdíjà. Ọmọ iṣẹ́ ta ni? Ohun tí à ń béèrè nìyẹn. Sùlè Bàṣírù, Sùlè Àjàmú, Sùlè ọmọ iṣẹ́ ìyá Máṣífà."

Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìsọ̀ yẹn ni wọ́n ti tọ́ mi. Láti ìgbà tí a ti dé láti Àbíjàn ni mo ti ń gbọ́ tí wọ́n ń pe Sùlè Bàṣírù, àmọ́ nígbà tí mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, mo ṣe bí ẹni tí kò dé Ẹ̀jìgbò rí. Gbogbo wọn ni mo gbọ́dọ̀ fi orúkọ ọ̀gá wọn tún tẹ̀. Orí Bàbá nìkan ló sì wà.

Àlàmísì, 17 Júláì

Bàbá ń pè, mo ń tẹ̀. Àádọ́fà péré la ṣe láti àárọ̀. Wọn kò lè dárúkọ ẹnì kan kí wọ́n má sọ ìtàn rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, orúkọ ọ̀gá rẹ̀ nìkan."

"Ọ̀gá wo? Èyí tó lé e jáde, tàbí èyí tó fún un ní fírídọ́ọ̀mù?"

"Èyíkéyìí!"

"Kò ṣeé ṣe. Bí o bá kọ èyí tó lé e jáde, o ti bú u títí ayé."

Mo jágbe mọ́ bàbá mi. Mo ní ọjọ́ kan ló kù fún mi. Wọ́n ṣí ojú ewé tó kàn. Wọ́n ní, "Jẹ́ ká máa lọ," ohùn wọn sì ti kéré. Lẹ́yìn ìyẹn, orúkọ nìkan ni wọ́n ń pè láìsí ìtàn, ìyẹn ló sì dùn mí jù lónìí.

Jímọ̀, 18 Júláì

A parí ní aago mọ́kànlá kọjá. Valgrind: àṣìṣe òdo. Kò sí àyè kankan tó sọnù. Mo wo òdo yẹn títí ojú mi fi ń ṣú.

Òjò ń rọ̀. Bàbá fi aṣọ oníbàárà kan wé láptọ́ọ̀pù fún mi. Ọlọ́kadà ní òun kò lè gbé mi nínú òjò, mo bẹ̀ ẹ́, ó gbé mi. Mo dé ọ́fíìsì Ọ̀gbẹ́ni Joseph ní aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo rin gbingbin. Ó wá Sùlàímọ́nù, mẹ́sẹ̀ẹ̀sán yọjú pẹ̀lú ọ̀gá wọn. Ó wá Ràfíátù. Ó wá àwọn méjìlá mìíràn. Ó wo Valgrind.

"Ó dára," ni ó wí. "Ó dára gan-an ni." Ó fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ni ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà.

A jọ sáré lọ sí ọ́fíìsì ẹ̀ka. Ilẹ̀kùn ti wà ní títì. Ìwé ìkéde yẹn ṣì wà lára rẹ̀: 18 Júláì, aago méjìlá ọ̀sán. Ọjọ́ ni mo kà ní Júnì. N kò ka aago.

Ọ̀gbẹ́ni Joseph pe fóònù mẹ́ta lójú mi. Àkójọ orúkọ àwọn tó ń gboyè ti kúrò ní Ẹ̀jìgbò. Ó ní "Má bínú" lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ń wo ilẹ̀. Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà." Kí ni mo tún fẹ́ wí?

Àtàláátà, 22 Júláì

Bàbá ní ọ̀rọ̀ kò tíì tán, wọ́n wọ agbádá, ó di kóòtù. Wọ́n fẹ́ búra pé ọjọ́ orí mi tòótọ́ jẹ́ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Obìnrin tó ń kọ ìwé ìbúra níbẹ̀ gbọ́ wọn délẹ̀, ó sì ti ìwé sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Bàbá, ìbúra ò le. Kí lẹ fẹ́ búra sí? Pé ọmọ yìí kì í ṣe Ràshídátù?"

"Kàdíjà lorúkọ rẹ̀."

"Ó dáa. Ta wá ni Ràshídátù tó ṣe wáẹ̀kì? Ta ló ṣe jáàǹbù? Ìwé ẹ̀rí ta ni gbogbo eléyìí tẹ́ ẹ kó dání?" Ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ máa mú ọmọ yín relé, bàbá. Bí mo bá kọ ọ́ bí ẹ ṣe sọ ọ́, gbogbo rẹ̀ pátá ló bá a lọ."

Bàbá kó àwọn ìwé náà, a padà sílé. Ó yé mi. Orí ìwé kan yẹn ni gbogbo ìwé mi tó kù dúró lé. Bí wọ́n bá fa òun yọ, kò sí èyí tó máa dúró nínú wọn, n kò sì ní jẹ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń kàwé.

Sátidé, 26 Júláì

Sàídátù fi àwòrán bàtà káńfáàsì tó rà fún ìsìnrú ìlú ránṣẹ́. Mo kí i. Mo pa fóònù.

Àtàláátà, 29 Júláì

Mo jí, Ràshídátù pé ọgbọ̀n ọdún. Ìyẹn ni ohun àkọ́kọ́ tó wá sí mi lọ́kàn, inú sì bí mi sí i bí ẹni pé ó wà láàyè, pé ó dúró sí ẹnu ọ̀nà tí kò jẹ́ kí n kọjá.

Ìyá pè mí sí yàrá lẹ́yìn ìrun àárọ̀. Wọ́n ti wọ aṣọ, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní kí n jókòó.

"Lónìí ni Ràshídátù pé ọgbọ̀n ọdún."

"Mo mọ̀, Ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ìwé yẹn lónìí."

"Mi ò sọ̀rọ̀ ìwé. Ọmọ mi ni mò ń sọ."

N kò gbọ́ kí wọ́n pè é bẹ́ẹ̀ rí. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, "ìwé yẹn" ni wọ́n máa ń wí. Mo jókòó.

Wọ́n ní ibà ló pa á. Wọ́n ní kò ṣàìsàn lọ́wọ́ wọn ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Wọ́n ní ó ti ń dá fàráńsé sọ, ó máa ń kí àwọn tó ń ra ẹja lọ́wọ́ wọn ní bọ̀ńjúù, gbogbo àdúgbò sì ń pè é ní madáàmù. Nígbà tí ó kú, Bàbá fẹ́ lọ sí mérì, ọ́fíìsì ìjọba tó ń kọ ìwé ìbí àti ikú, lọ sọ pé ó ti kú. Ìyá kọ̀. Wọ́n ní bí wọ́n bá sọ ọ́, ìjọba á fi yíǹkì pupa fa orúkọ rẹ̀ rẹ́.

"Ẹ sì fi ìwé rẹ̀ mú mi wọ iléèwé," ni mo wí, "nítorí ogun, torí kò sẹ́ni tó ń ṣe ìwé fún mi."

Wọ́n yí tẹ̀sùbáà lọ sílẹ̀ díẹ̀.

"Wọ́n ń ṣe é. Ọjọ́ méjì ni wọ́n ní kí n dúró, wọ́n á ṣe tìrẹ. Bàbá rẹ ò mọ̀, irọ́ ni mo pa fún un. Mo dé ẹnu ọ̀nà mérì, mo padà. Mo fẹ́ kí ó lọ iléèwé, Kàdíjà. Òun náà. Mo rò pé bí o bá lo ìwé rẹ̀, á máa ga bí o ṣe ń ga. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pe Ràshídátù níléèwé, tí o sì dáhùn, mo máa ń gbọ́ ọ láti ilé."

Mo ṣírò rẹ̀. Ọdún mẹ́ta. Ọjọ́ méjì péré ni wọn kò lè dúró, ó sì di ọdún mẹ́ta lọ́rùn mi, káńfáàsì lọ, iṣẹ́ lọ. Mo fẹ́ kígbe mọ́ wọn bí mo ṣe kígbe mọ́ Bàbá. Mo gbójú sókè wò wọ́n. Wọ́n ń sunkún láìpariwo, bí ẹni tó ti ń sun ún kí wọ́n tó bí mi, tó sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń sun ún tí ará ilé kò fi ní gbọ́.

Wọ́n fi etí ìborùn nu ojú. Wọ́n wò mí, ẹ̀rù mi sì ń bà wọ́n, mo rí i.

"Ìgbà wo ni wọ́n máa wá fún un ní ìwé ẹ̀rí rẹ̀?"

"Ní Sẹ̀tẹ́ńbà," ni mo wí. Mo di ọwọ́ wọn mú. "Wọ́n á fún un ní Sẹ̀tẹ́ńbà, Ìyá."